Ìbẹ̀rù Tó Wà Lábẹ́ Ìgbéraga

Ẹ̀yin ará, ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi narcissistic personality disorder sínú ìwé àkójọ àìsàn wọn. Ẹni tó ní i máa ń gbé ara rẹ̀ ga, ìyìn kì í sì í tó o. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìbẹ̀rù ìtìjú ló wà lábẹ́ rẹ̀.

N kò sọ pé àìsàn yìí ló ṣe Sọ́ọ̀lù, àmọ́ ẹ wo bí ìbẹ̀rù ṣe ń pinnu fún un. Nínú 1 Sámúẹ́lì 15, ó bẹ̀rù àwọn ènìyàn, ó sì ṣàìgbọràn. Nígbà tí Sámúẹ́lì bá a wí, ó ní kí wòlíì ṣáà bu ọlá fún òun níwájú àwọn àgbààgbà. Ní orí 18, wọ́n yin Dáfídì jù ú lọ. Ló bá sọ ẹni tó ń jà fún un di ọ̀tá.

Ṣé ẹ̀bi wá kúrò lọ́rùn ẹni tí ìbẹ̀rù ń darí? Èmi rò pé rárá. Ìbẹ̀rù lè tì í, ṣùgbọ́n ọwọ́ Sọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló ju ọ̀kọ̀. Bí a bá mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ wa, ẹ jẹ́ ká ṣàánú rẹ̀, ká má sì tìtorí bẹ́ẹ̀ dúró síwájú ọ̀kọ̀. Dáfídì kò gbẹ̀san, ṣùgbọ́n ó sá.