Ta Ló Ni Ìlù Ajísààrì?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlù nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlù ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá pawọ́ pọ̀ ṣe ohun kan láìgba kọ́bọ̀, tí nǹkan náà sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí olówó fi rí i tí ó ní òun fẹ́ dá owó lé e, ta ni ó láṣẹ láti dá olówó náà lóhùn? Ṣé ẹni tí ó di orúkọ ẹgbẹ́ mú ni, àbí gbogbo àwọn tí wọ́n ti làágùn sí i?

Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ni wọ́n mú ìbéèrè náà wá bá wa. Ajísààrì ni wọ́n. Bí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bá ti dé, láti nǹkan bí aago mẹ́ta òru ni wọ́n ti ń lu agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kiri àdúgbò, kí àwọn ìyá wa lè tètè dáná kí ìrun àsùbáà tó wọlé. Kò sí ẹni tí ń sanwó fún wọn. Oníṣòwò kan wá sọ pé òun yóò rán aṣọ fún wọn, òun yóò ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn, òun yóò sì fún wọn ní owó, bí wọ́n bá lè máa pe orúkọ ọjà òun nínú orin, kí gbogbo orin tí wọ́n bá sì gbà sílẹ̀ di ti òun. Ní kíá, ẹgbẹ́ pín sí méjì. Àwọn kan ní ìbùkún Ọlọ́hun ló dé. Àwọn kan ní àwọn kò jí lóru nítorí ọjà ẹnikẹ́ni.

Kí a tó dá sí i, ó yẹ kí á bojú wẹ̀yìn. Wéré ni a mọ orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí aláàwẹ̀ sí nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ kéú, ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́, ọmọ ọlọ́jà ni wọ́n ń kọ ọ́, ní Ìbàdàn, ní Èkó àti káàkiri. Àdúgbò ń bá àdúgbò díje, ṣùgbọ́n ìdùnnú àti làádá ni wọ́n ń wá. Inú wọn ni Síkírù Àyìndé ti jáde, ẹni tí a wá mọ̀ sí Barrister, tí a bí ní ọdún 1948 tí ó sì papò dà ní 2010. Láti kékeré ni ó ti ń kọ wéré ní Èkó. Nígbà tí ó yá, ó sọ orin rẹ̀ ní fújì, orúkọ òkè kan ní ilẹ̀ Jàpáànù tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun rí nínú àwòrán ní pápákọ̀ òfurufú. Ní Ìbàdàn, Dáúdà Epo Àkàrà náà ti inú wéré bọ́ sínú awúrèbe. Rẹ́kọ́ọ̀dù dé, òde ìnáwó dé, owó sì dé.

Àwa kò sọ pé wọ́n ṣẹ̀. Ẹni tí ó ní ìyàwó àti ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kì í sì í di èèwọ̀ nítorí pé a ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ rí. Barrister tilẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀ sílẹ̀, Siky-Oluyole, tí èso igi rẹ̀ fi ń bọ́ sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn wá ni ibi tí owó gbé orin náà dé. Lẹ́yìn ọdún 2010, àwọn tó ń ta ọtí bíà Goldberg gbé ìdíje kan kalẹ̀ fún àwọn olórin fújì, wọ́n pè é ní Fuji t'ó Bam. Ẹ ro ó wò: orin tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ jíjí aláàwẹ̀ kí ó lè jẹ sààrì, òun ni a wá fi ń polówó ọtí. Kò sí ẹni tí ó fi ipá gbà á. Ní ọjọ́ tí owó kọ́kọ́ wọlé, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni yóò já sí.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lókè òkun pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ orin náà sì ni. Ní ọdún 1993, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ti Kan bẹ̀rẹ̀ sí kó orúkọ àwọn orin inú àwo CD jọ sórí kọ̀ǹpútà. Bí o bá ti ki àwo bọ inú kọ̀ǹpútà, àkójọ náà yóò sọ orúkọ orin kọ̀ọ̀kan fún ọ. CDDB ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló kó o jọ o. Àwọn olólùfẹ́ orin káàkiri ayé ni wọ́n jókòó ti àwo tiwọn, tí wọ́n ń tẹ orúkọ orin lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1998, wọ́n tà á fún ilé-iṣẹ́ kan. Orúkọ rẹ̀ yí padà sí Gracenote, ó sì di pé ẹni tí yóò bá lò ó nínú ẹ̀rọ tirẹ̀ ní láti gba ìwé àṣẹ. Ní 2008, Sony rà á ní nǹkan bí mílíọ̀nù 260 dọ́là. Àwọn tí wọ́n fi ìka wọn tẹ̀ ẹ́ kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Lójú tiwa, àìrí owó gbà kọ́ ni ó yẹ kí ó dùn wọ́n jù. Wọ́n fún gbogbo ayé lẹ́bùn, ẹnì kan sì wá kan ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀bùn náà. Ìdí nìyí tí Robert Kaye fi dá àkójọ mìíràn sílẹ̀ ní ọdún 2000, MusicBrainz, tí ó sì fi sábẹ́ àjọ tí kì í wá èrè ní 2004. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń dá owó síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀sìn wa ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Kànga kan wà ní Mẹ̀dínà tí à ń pè ní Rúmà, títà ni wọ́n ń ta omi rẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí. Sàyídínà Uthman ọmọ Affan fi owó ara rẹ̀ rà á, ó sì tú u sílẹ̀ fún olówó àti tálákà. Sàyídínà Umar ní ilẹ̀ kan ní Khaybar. Ìmọ̀ràn Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) ni ó tẹ̀lé tí ó fi ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ tà á tàbí kí ó jogún rẹ̀, tí èso rẹ̀ sì di ti àwọn aláìní. Èyí ni à ń pè ní wákáfì. Ẹ kíyè sí i pé owó wà nínú ọ̀rọ̀ Uthman náà. Owó rẹ̀ ṣí kànga. Owó àwọn ti òkè òkun yẹn dé e lómọrí.

Àwọn aáfà wa lè sọ pé wákáfì ní òfin tirẹ̀, pé olóhun ni í fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda ohun rẹ̀. Òótọ́ ni. A kò pe ìlù ajísààrì ní wákáfì. Ṣùgbọ́n àmánà ni, ó kéré tán. Ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ajísààrì lónìí bá ìlù náà nílẹ̀ ni. Nínú àwọn tí wọ́n ti lù ú kiri Ìrémọ, Ilárè àti Mọ̀ọ̀rè ṣáájú rẹ̀, àwọn kan ti di bàbá àgbà, àwọn kan ti di ẹni ilẹ̀. Báwo ni ó ṣe fẹ́ tọwọ́ bọ ìwé lórúkọ wọn?

Bàbá kan láàárín wa ní ebi ń pa àwọn ọmọ, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ wákáfì. A kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ bàbá. Ní ìlú tí ọmọ ti ń jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí ó sì ń gun ọ̀kadà jẹun, kò rọrùn láti ní kí ó kọ owó. Aṣọ kò burú. Bí orúkọ oníṣòwò bá wà lẹ́yìn aṣọ, tí ọjà rẹ̀ sì jẹ́ halálì, àwa kò rí ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀. Ti pípe orúkọ ọjà nínú orin ni ó kọ wá lóminú. Ẹni tí a jí lóru láti jọ́sìn, tí a tún ń polówó ọjà sí létí kí ó tó bọ́ jú, ta ni a jí i fún? Àníyàn tí a pín sí méjì ṣòro láti dì mú.

Èyí tí a kò lè fara mọ́ rárá ni pé kí orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ di ti ẹnì kan. Ìmọ̀ràn tí a fún àwọn ọ̀dọ́ náà ni pé kí wọ́n pe àwọn tó ti lu ìlù yìí ṣáájú wọn jọ, kí wọ́n ka ìwé àdéhùn náà sókè sí wọn létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí wọ́n sì bi oníṣòwò náà pé: bí owó rẹ bá tán lọ́dún tí ń bọ̀, tàbí tí ọjà mìíràn bá wù ọ́, ṣé àwọn àbúrò wa yóò lè kọ orin yìí láìtọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ? Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé.