Ẹ̀kọ́ tí Ènìyàn ti Kọ́, Ta ni ó Ni ín?

Ìbéèrè kan wà tí ó dà bí ẹni pé àwọn ọ̀gá yunifásítì nìkan ni ó kàn, ṣùgbọ́n tí yóò kan ìwọ náà kí ó tó pẹ́. Bí ènìyàn bá kọ́ ẹ̀kọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, tí ó sì yege nínú rẹ̀, tí ó wá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ǹjẹ́ ó tọ́ kí wọ́n tún kọ́ ọ ní ohun tí ó ti mọ̀? Kí a gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ lọ́nà mìíràn: ìmọ̀ tí ó wà ní orí ènìyàn, ṣé ti ẹni náà ni, tàbí ti ilé tí ó ti gbà á?

Má ṣe pe èyí ní ọ̀rọ̀ asán. Ní àgbègbè wa yìí, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ àti Èmùré, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í gba ọ̀nà tààrà dé yunifásítì. Owó kò sí lọ́wọ́ bàbá òmíràn. Máàkì JAMB ti òmíràn kò tó. Òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ ni ọkàn rẹ̀ fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ a máa lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, wọn a lo ọdún 3, wọn a gba ìwé-ẹ̀rí NCE, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá gba ẹnu ọ̀nà tí à ń pè ní Direct Entry wọ yunifásítì. Ọdún kejì ni yunifásítì sábà máa ń fi wọ́n sí. Bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó ti ilé-ìwé girama wọ yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ yóò lo ọdún 4 kí ó tó gba oyè. Ẹni tí ó gba kọ́lẹ́ẹ̀jì kọjá yóò lo 3, yóò sì tún lo 3 mìíràn. Nínú ọdún 3 tí ó kọ́kọ́ ṣe, ẹyọ kan péré ni a kà fún un. Òótọ́ ni pé ọdún 2 yòókù kò ṣòfò pátápátá, nítorí ẹni tí ó ní NCE lè dúró níwájú kíláàsì kí ó sì máa gba owó oṣù, èyí tí ẹni tí ó wà láàárín ọ̀nà ní yunifásítì kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé yunifásítì tí ó sì tún bá ìmọ̀ ìrònú ọmọdé àti ìtàn ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà pàdé, àwọn ohun tí ó ti kà, tí ó ti ṣe ìdánwò lé lórí, a gbọ́dọ̀ bèèrè ìdí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni NCE kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí yẹpẹrẹ. Ní 1960 ni ìgbìmọ̀ tí Eric Ashby jẹ́ olórí rẹ̀ gbé ìmọ̀ràn kalẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ gíga ní ilẹ̀ wa, láti 1962 sì ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbà fún àwọn olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, tí ti Oǹdó, tí a sọ ní Adéyẹmí lẹ́yìn náà, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ti Ìkẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1977, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ìkẹ́rẹ́ yìí gan-an ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà máa jẹ mí lọ́kàn. Ní 2008 ìjọba dá yunifásítì ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní ìlú náà. Ní 2011 ìjọba mìíràn pa á pọ̀ mọ́ ti Adó àti ti Ìfàkì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àtijọ́ wà níbẹ̀ síbẹ̀, títí ó fi di 2020 tí òun náà di yunifásítì, tí a sì fi orúkọ Bámidélé Olúmilúà, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ó ti jẹ gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó rí, pè é. Láàárín ọdún 12, orúkọ yí, ó tún yí. Olósùnta kò kúrò níbi tí ó wà. Wàyí o, fojú inú wo olùkọ́ kan tí ó dúró níwájú pátákó ní ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní 2019, tí ó kọ́ni bí ọmọ ọdún mẹ́fà ti ń mọ ìwé kà. Tí ó tún dúró sí iwájú pátákó kan náà ní 2021, tí ó kọ́ni ní ohun kan náà. Ṣé ẹ̀kọ́ ti ìgbẹ̀yìn wúwo ju ti ìṣáájú lọ nítorí pé a ti tún pátákó ẹnu géètì kùn ni?

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé kì í ṣe pátákó nìkan ni ó yí. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó di yunifásítì, àjọ NUC yóò wá wo ilé ìkàwé rẹ̀, yàrá ìwádìí rẹ̀, àti oyè tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ilé ni èyí ń díwọ̀n. Kò díwọ̀n ohun tí ó wà ní orí ọmọ tí ó ti inú rẹ̀ jáde.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí yunifásítì náà rojọ́ tirẹ̀. Yóò kọ́kọ́ wí pé akẹ́kọ̀ọ́ NCE ń pín ara rẹ̀ sí mẹ́ta: ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó sì tún ń ka ẹ̀kọ́ méjì tí yóò máa fi kọ́ni, bí ìmọ̀ ẹ̀dá-oníyè àti kẹ́místírì. Kẹ́místírì rẹ̀ kò lè jinlẹ̀ tó ti ẹni tí kẹ́místírì nìkan jẹ lógún. Òótọ́ ni. Yóò tún wí pé ìwé-ẹ̀rí èké pọ̀ nílùú. Èyí náà kì í ṣe àhesọ: ní 2023 JAMB pàṣẹ pé ní ọ́fíìsì tirẹ̀ nìkan ni ẹni tí ó bá fẹ́ Direct Entry ti gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, nítorí ayédèrú èsì. Ní ìkẹyìn yóò wí pé orúkọ òun ni yóò wà lórí ìwé oyè, àti pé onídùúró ni òun jẹ́ fún gbogbo ẹni tí òun bá fọwọ́ sí. Bí òun bá ka ohun tí ọmọ kò mọ̀ kún ohun tí ó mọ̀, àwọn ọmọdé tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, tí ẹni náà yóò lọ kọ́ ní ọ̀la, ni a ti rẹ́ jẹ.

Ẹjọ́ gidi ni yunifásítì rò yìí, n kò sì fẹ́ kí o fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ohun tí mo kọ̀ ni ibi tí ó máa ń parí sí. Wo bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń ṣe tiwọn. Bí ọmọṣẹ́ télọ̀ kan bá ti Èmùré kó wá sí Ìkẹ́rẹ́, tí ó fẹ́ parí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tuntun, ọ̀gá tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe kò ní ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí gbígbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Yóò gbé àlùmọ́gàjí àti aṣọ kan fún un, yóò ní, "Gé bùbá kí n rí i." Bí ọmọ náà bá gé e tí ọrùn rẹ̀ wọ́, ọ̀gá ti mọ̀ pé ọrùn ni ó kù tí òun yóò kọ́ ọ. Kò gbà á gbọ́ lásán, kò sì kọ̀ ọ́ lásán: ó wò ó. Ibi tí mo ti rí ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a kọ ìmọ̀ ẹlòmíràn láì wò ó.

Mo ti rí i tí wọn kò wò ó. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti jẹ́ ọ̀gá, obìnrin kan wà lára àwọn olùkọ́ wa tí ó ti fi NCE kọ́ni fún ọdún 12. Ó lọ ń ka ìwé fún oyè. Nígbà tí ó kan ìdánrawò ìkọ́ni, yunifásítì rẹ̀ kọ lẹ́tà sí mi pé kí n gba akẹ́kọ̀ọ́ yìí láàyè fún ọ̀sẹ̀ 6, kí ó lè mọ bí a ti ń dúró níwájú kíláàsì, kí n sì fi í sí abẹ́ olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ dáadáa. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ jù lọ ní ilé-ìwé náà ni òun fúnra rẹ̀. A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti san owó lórí yúníìtì wọ̀nyẹn. (Ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ti àtijọ́ ni èmi ní, n kò gba NCE, n kò sì gba oyè, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ara mi ni mo ń gbèjà.)

Wọn yóò ní àwọn tí ń wọlé ti pọ̀ jù láti máa gbé àlùmọ́gàjí fún ní ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lórí òṣùwọ̀n kí ọmọ tó gbéra rárá. Ìyá tí ó ra gàrí kóńgò 10 ní Ìsẹ̀ kì í tún un wọ̀n ní Ìkẹ́rẹ́ bí ó bá mọ̀ pé kóńgò ìlú méjèèjì dọ́gba, tí ìdí ọ̀kankan kò sì tẹ̀ wọnú. Èyí kì í ṣe àlá. Láti 1876 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Sàró ti so mọ́ Yunifásítì Durham. Nígbà tí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó jẹ́ lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Àwọn olùkọ́ ìhín àti ti ọ̀hún jọ ń ṣètò ìdánwò, oyè Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni àwọn ọmọ sì ń gbà títí Ìbàdàn fi dá dúró ní 1962. Bákan náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí so mọ́ yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún púpọ̀, tí ọmọ fi ń jókòó ní Oǹdó gba oyè Ifẹ̀. Bí àwọn àgbà bá lè jókòó sídìí tábìlì kan nítorí oyè, n kò rí ohun tí ó ní kí wọ́n má lè jókòó nítorí NCE, kí wọ́n sì sọ ní gbangba pé èyí àti èyí dọ́gba, èyí kò sì dọ́gba.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wà tí ènìyàn ti lè lo ọdún 2 ní owó pọ́ọ́kú kí ó tó lọ parí ìyókù ní yunifásítì ìjọba. Ti Joliet ní Illinois ti wà láti 1901. Ní Florida, ìjọba fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan náà jákèjádò, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀kọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá dọ́gba, yunifásítì ìjọba kò lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ní 2017, àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ìjọba àpapọ̀ wọn sọ pé àwọn tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn láàárín 2004 sí 2009 pàdánù nǹkan bí ìpín 43 nínú 100 yúníìtì tí wọ́n ti ṣe. Owó ni, ọdún ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ni kò mọ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ àìmọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ó lè ku ọdún kan tàbí méjì tí ìwọ yóò gba fọ́ọ̀mù. Bí ó bá jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni o fẹ́ gbà kọjá, bèèrè kí o tó san owó kankan: yunifásítì wo ni ó ti gba àwọn ọmọ ibẹ̀, ọdún kelòó ni ó fi wọ́n sí, ẹ̀kọ́ wo ni ó sì kà fún wọn? Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ fún ọ. Nígbà tí o bá wọlé, máa tọ́jú ìwé tí a to iṣẹ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sí, láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní dé ìkẹyìn, nítorí orúkọ ẹ̀kọ́ lásán kò lè fi ohun tí o kọ́ hàn ẹnikẹ́ni. Má ṣe wo ìwé ẹlòmíràn nínú ìdánwò pẹ̀lú, torí ọjọ́ tí ẹnìkan bá gbé àlùmọ́gàjí fún ọ, ọwọ́ tìrẹ ni yóò gé aṣọ náà.