Ta Ni Ẹgbẹ́ Ọmọ Tó Fo Kíláàsì?

Eré ẹbí kan wà láti Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Smart Guy. Ọdún 1997 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1999, kí wọ́n tó bí èmi rárá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni T.J. Henderson tí eré náà dá lé lórí. Tahj Mowry ló ṣe é. Orí ọmọ yìí pé débi pé wọ́n gbé e kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ sí girama ní ìlú Washington, níbi tí Marcus ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti Yvette ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ń kàwé. Floyd, bàbá wọn, ló ń dá tọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí fóònù ìyá mi ni èmi àti àbúrò mi ti ń wò ó, nígbà tí dátà bá wà, ó sì máa ń pa wá lẹ́rìn-ín gan-an.

Nígbà tó yá ni mo ṣàkíyèsí pé ibi tí àbúrò mi ti ń rẹ́rìn-ín kọ́ ni èmi ti ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ máa ń dùn nígbà tí T.J. bá dáhùn ìbéèrè tí àwọn tó jù ú lọ kò lè dáhùn. Èmi ní tèmi, ìgbà tí T.J. bá kọsẹ̀ nínú ohun tí kò sí nínú ìwé kankan ni mo máa ń rẹ́rìn-ín: nígbà tó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ ńlá gba òun mọ́ra, nígbà tó bá fẹ́ ṣe bíi Marcus tí ara rẹ̀ kò sì gbà á. Ìdánwò kọ́ ló sábà máa ń kó bá a. Ìpín kan tilẹ̀ wà tí kì í ṣe ẹ̀rín rárá, níbi tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àgbàlagbà oníwà ìbàjẹ́ kan tí wọ́n bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ìṣirò tó mọ̀ kò kìlọ̀ fún un kó tó débẹ̀.

Ṣé ó tọ́ kí á gbé ọmọ fo kíláàsì nítorí pé orí rẹ̀ pé? Ìbéèrè yìí ti wọ ilé wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò mi, ó wà ní Primary 4, èmi sì wà ní SS2. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pe àwọn òbí wa pé kí wọ́n jẹ́ kó ṣe ìdánwò ìwọlé sí JSS1 lọ́dún yìí, kó fo Primary 5 àti 6 pa pọ̀.

Ní Ṣómólú àti Bàrígà, ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ìròyìn. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí mo mọ̀ ní àdúgbò wa kò ní Primary 6 mọ́. Láti Primary 5 ni àwọn ọmọ ti ń bọ́ sí JSS1. Bàbá mi ń di ìwé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá rí á ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ wọn láti ojú pópó, torí pé ibẹ̀ ni apá púpọ̀ nínú ìwé, kàlẹ́ńdà àti ìwé pélébé tí à ń rí ní Èkó ti ń jáde. Bí oṣù keje bá ti ń sún mọ́, ìwé ètò ayẹyẹ ìparí ọdún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ló máa ń kún orí tábìlì wọn. Bàbá mi sọ fún wa pé àwòrán ọmọ tó kéré jù lọ nínú àwọn tó ń lọ sí JSS1 ni àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan máa ń ní kí wọ́n fi síwájú, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ orí rẹ̀ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀. Mo ronú lé èyí púpọ̀. Ọmọ náà ti di pátákó ìpolówó, kò sì sí ẹni tó san owó ìpolówó fún un.

Ṣùgbọ́n n kò ní bú àwọn òbí tó ń gbà. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún méjì kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń di ìwé àti ẹni tó ń ta ata rodo àti tòmátì. Ohun mìíràn tún wà. Láti Bàrígà, a lè fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Èkó ní Akọkà, gbogbo wa la sì rí i bí ẹnu ọ̀nà náà ṣe dákẹ́ nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ní 2022. Ọmọ lè ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó wọlé. Èrò ìyá mi ni pé kí á yára jí ọdún méjì pamọ́ fún ọmọ wa, nítorí pé Nàìjíríà yóò padà wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti burú.

Ọ̀ràn náà ni pé ìjọba tún ti fi nǹkan dí ojú ọ̀nà. Ní 2024, Tahir Mamman tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 18 kó tó wọ yunifásítì. Ariwo ta. Lẹ́yìn tí Túnjí Aláùsá gba ipò rẹ̀, ọdún 16 ni wọ́n wá fi àlà sí, àyàfi ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ bá ta yọ gan-an tí wọ́n sì dán an wò. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló ṣe ìṣirò náà fún ìyá mi: bí òun bá wọ JSS1 ní ọdún mẹ́sàn-án, òun á parí SS3 ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òun á sì jókòó sílé fún ọdún kan. Ìyá mi ní, "O ò rí i bí orí rẹ̀ ṣe pé?"

Ìgbà tí bàbá àgbà mi wọ ilé-ẹ̀kọ́, wọn kò wo orí rárá. Ọdún 1955 ni, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Kò sí ìwé ìbí tí wọn ì bá wò. Wọ́n ní kí olúkúlùkù ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí, kó wọlé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó o, kó padà sílé di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá àgbà mi kúrú lápá, wọ́n sì dá wọn padà lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, a máa ń rẹ́rìn-ín sí ìjọba tó fi apá wọn ọpọlọ.

Mo ti wá ń rò ó pé ó ní ohun tí ìdánwò ìwúrí yẹn ń wọ̀n. Àwọn tí ọwọ́ wọn jọ kan etí lọ́jọ́ kan náà jọ wọlé, wọ́n jọ jà, wọ́n jọ dàgbà. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni bàbá àgbà mi. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, wọ́n máa ń bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn jáde níbi Ojúde Ọba, nínú aṣọ kan náà, àwọn arúgbó tí ń tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn. Nínú wọn ni dókítà wà, nínú wọn ni awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì wà. Kò sí ẹni tó béèrè ta ló gba ipò kìíní. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ orí kì í ṣe iye lásán. Àwọn ènìyàn ni. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí o ti dàgbà tó, wọn á béèrè pé ta ni ẹgbẹ́ rẹ.

Ohun tí fífo kíláàsì ń mú lọ lọ́wọ́ ọmọ nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ Primary 5 àti 6. Àbúrò mi lè ka ìyẹn tán ní ìsinmi kan. Ẹgbẹ́ ni.

Ìyá mi fi òwe dá mi lóhùn. Wọ́n ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó sọ. Ó ní yóò bá àgbà jẹun. Kò ní yóò bá àgbà gbé. Bí oúnjẹ bá tán, ọmọ á fọ ọwọ́, á sáré jáde lọ bá àwọn tó ń ta òkòtó níta. Òwe mìíràn tilẹ̀ wà: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ni wọ́n ń wò nínú ìdánwò JSS1.

Nígbà tí èmi wọ JSS1, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wà ní kíláàsì wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò láfiwé. Bí iṣẹ́ àṣetiléwá bá wà, gbogbo wa la máa ń jókòó tì í. Bí aago ìsinmi bá lù, a ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kórìíra rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọkùnrin ń gbá le jù fún un, ọ̀rọ̀ tí à ń sọ kò sì yé e. Àwọn sẹ́níọ̀ ń rán an níṣẹ́ ju gbogbo wa lọ, torí pé ọmọ kékeré rọrùn láti rán. Nígbà tó di JSS2, mo rí ohun kan tó bà mí lẹ́rù. Tíṣà béèrè ìbéèrè, ọmọ yìí sì mọ̀ ọ́n. Mo rí ìdáhùn tó kọ sí etí ìwé rẹ̀. Kò na ọwọ́. Ó fi ọwọ́ bo ibi tó kọ ọ́ sí. Láti ìgbà náà ló ti ń gba ipò karùn-ún, ipò kẹfà, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣeré. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbé e fo kíláàsì gan-an ló fi ra ọ̀rẹ́.

Kí á dá a dúró síbi tó wà náà, òun náà ní ìyà tirẹ̀. Àbúrò mi máa ń parí iṣẹ́ kí tíṣà tó pa pátákó rẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ ìyọlẹ́nu, wọn á sì ní kó kúnlẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ rọrùn jù ń kọ́ nǹkan kan lójoojúmọ́: ó ń kọ́ pé kò sí ohun tó gba ìsapá. Àwọn kan sì wà tí wọ́n sáré tí wọn kò ṣubú. Anne-Marie Imafidon, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí London, yege nínú ìdánwò A-level ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ọmọ ọdún 11, ó sì gba oyè másítà ní Oxford ní ọmọ ọdún 20. Ẹ wo ohun tó wá fi ìmọ̀ náà ṣe: ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Stemettes, tó ń kó àwọn ọmọbìnrin jọ sídìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìjọba àpapọ̀ wa pẹ̀lú dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger, fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ta yọ, ìdánwò ni wọ́n sì fi ń yàn wọ́n. Èrò inú ìyẹn wù mí ju fífo kíláàsì lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ bẹ́ẹ̀ ti lè rí ẹni tí orí rẹ̀ pé bíi tirẹ̀ tí eyín rẹ̀ náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ṣùgbọ́n Suleja jìnnà sí Bàrígà, ìyá mi kò sì ní jẹ́ kí ọmọ náà sùn níbi tí wọn kò lè dé ní ọjọ́ kan náà.

Eré náà mọ ohun kan tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò mi kò sọ. T.J. kò dá wọ girama. Ẹ̀gbọ́n méjì ló wà níbẹ̀, bàbá kan sì wà nílé tó ń bá a wí bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ yọ Marcus àti Yvette kúrò, kí ẹ wá wò ó bóyá ẹ ó tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àbúrò mi bá fi wọ JSS1, èmi yóò wà ní SS3, ọdún kan péré la ó jọ lò, bí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà bá tilẹ̀ ni.

Àǹtí mi ní owú ni mò ń jẹ. Wọ́n ní kò wù mí kí àbúrò mi lé mi bá. Bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ owú, ṣé òjò kì í rọ̀ nígbà tí ẹni tó ń jowú bá sọ pé òjò ń rọ̀? Ohun tí mo sọ ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Bàbá mi ló wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe. Wọ́n pe àbúrò mi, wọ́n sì bi í bóyá ó fẹ́ lọ. Ọmọ náà dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé, ó ní, "Ṣé òun náà ń bọ̀?"

Bàbá mi ti gbé ìbéèrè náà padà lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́: bí aago ìsinmi bá lù ní JSS1, ta ni ọmọ yìí yóò bá jókòó? Wọ́n ní àwọn yóò ronú sí i. Ní báyìí, wọ́n ti gbà kó máa lọ jókòó pẹ̀lú àwọn JSS1 fún ìṣirò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, kó sì padà sí kíláàsì rẹ̀ kí aago ìsinmi tó lù. Fọ́ọ̀mù ìdánwò náà ṣì wà lórí àpótí aṣọ ìyá mi. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n pa ìforúkọsílẹ̀ dé.