Gbèsè Tí Ń Bẹ Lára Owó Tí Kò Ṣe é Ná Mọ́

Bí ènìyàn bá mú owó bébà tí ìjọba fi òntẹ̀ lù, tí ó sì fi gègé kọ orúkọ sí i tinú-tẹ̀yìn títí tí kò fi ṣe é ná mọ́, kí a má yára pè é ní òmùgọ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé ó rí ohun kan nínú orúkọ náà tí ó níye lórí ju gbogbo ohun tí owó ọ̀hún lè rà lọ. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni àwọn awakọ̀ òfurufú ará Amẹ́ríkà ń pè ní short snorter. Alaska ni àṣà náà ti ṣẹ̀ kí Ogun Hítílà tó dé, ṣùgbọ́n ogun ni ó gbé e káyé: nígbà náà, ẹni tí ó bá bá wọn fò sọdá òkun, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ a fọwọ́ sí owó kan fún un, òun a sì máa gbé e kiri nínú àpò, ní ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá pàdé rẹ̀ ní ilé ọtí, tí ó bi í léèrè owó náà, tí kò sì rí i mú jáde, òun ni yóò ra ọtí fún gbogbo ìjókòó. Nígbà tí ojú owó àkọ́kọ́ bá kún, wọn a fi téèpù lẹ òmíràn mọ́ ọn nídìí, láti ìlú dé ìlú, títí yóò fi gùn tó ọ̀já tí ìyá fi ń pọn ọmọ. Ẹni tí ó bá tú irú rẹ̀ ká yóò rí dọ́là, yóò rí rúpì India, ó sì lè bá ṣílè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn bàbá wa ń ná ní Èkó àti ní Ìbàdàn, nítorí ọ̀nà òfurufú tí àwọn Amẹ́ríkà ń tọ̀ láti Natal ní Brazil lọ sí Íjíbítì àti India gba Àkrá, Kánò àti Màídúgùrì kọjá.

Ìlérí méjì ni ó wà lára irú owó yìí, ti ìjọba tí a tẹ̀ sí i, àti ti ènìyàn tí a fi ọwọ́ kọ. Ti ìjọba kì í pẹ́ yẹ̀. Nígbà tí àwọn Japan gba Bọ́mà, wọ́n tẹ rúpì tiwọn fún àwọn ará ibẹ̀, wọ́n tẹ dọ́là fún Malaya àti pẹ́sò fún Philippines. Nígbà tí ogun sì parí ní ọdún 1945, kò sí ẹni tí yóò gba ọ̀kankan nínú wọn kí ó fi iyọ̀ ọbẹ̀ dípò. Ṣùgbọ́n ìlérí kejì, pé bí èmi pẹ̀lú rẹ bá tún fojú kanra, èmi yóò dá ọ mọ̀, ìwọ náà yóò sì dá mi mọ̀, kò sí ìjọba tí ó lè fagi lé e. Ìbéèrè tí ń dà mí láàmú ni pé, nígbà tí àwọn tí ó ṣe ìlérí náà bá ti kú tán, tí owó sì bọ́ sí ọwọ́ ọmọ-ọmọ tàbí ti oníṣòwò ohun àtijọ́, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ṣì jẹ gbèsè rẹ̀?

Ti àwọn ènìyàn ńlá kò ṣòro. Harry Hopkins, ọ̀rẹ́ àti olùdámọ̀ràn Ààrẹ Roosevelt, ní irú owó yìí, Roosevelt àti Churchill sì wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí i. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1943 ni Roosevelt àti Hopkins fò lọ sí ìpàdé Casablanca, tí wọ́n sì gba Bathurst ní Gambia kọjá. Kò tó oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà tí Stephen, ọmọ Hopkins, ọmọ ọdún 18, fi kú sí ojú ogun ní Kwajalein. Churchill mú ọ̀rọ̀ láti inú eré orí ìtàgé Macbeth, níbi tí wọ́n ti ń túfọ̀ ọmọ tí ó kú sógun fún bàbá rẹ̀, tí wọ́n ní ó ti san gbèsè rẹ̀, ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Hopkins. Ikú ogun ní í pa akíkanjú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí; síbẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn. Ta ni ọmọ ọdún 18 jẹ ní gbèsè? Lójú tèmi, àwa tí a ṣẹ́kù ni a jẹ ẹ́.

Àwọn orúkọ tí kò lókìkí ni iṣẹ́ wà nídìí wọn. Ìlà tí wọ́n ká owó sí a ti jẹ ìdajì orúkọ kan. Òmíràn kò ju lẹ́tà méjì àti àmì oyè lọ. Bí Ọlọ́run bá ṣe é, ìlú àti déètì a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni olùwákiri yóò ti máa tú ìwé ìkànìyàn, ìwé ìròyìn àtijọ́ àti òkúta orí ibojì wò. Ní ọjọ́ 12 oṣù Agẹmọ ọdún 1973, iná jó ilé tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó ìwé àwọn ológun pa mọ́ sí ní ìtòsí St. Louis, fáìlì tí ó tó mílíọ̀nù 16 sí 18 sì ṣègbé, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè jẹ́ pé ara owó tí kò ṣe é ná ni ìwé ọwọ́ ológun kan kù sí.

Oníwàásù kan lè ní, "Ọlọ́run ti mọ orúkọ gbogbo wọn, kí ni a tún ń wá?" Òótọ́ ni pé Ó mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n mímọ̀ tí Ó mọ̀ wọ́n kò san gbèsè tí àwa jẹ. Àwọn Yorùbá kò sì fi ọ̀rọ̀ ẹni tí ó sọnù ṣeré rí. Wọ́n ní kí ọmọ ẹni ó kú yá ju kí ọmọ ẹni ó nù lọ, nítorí ẹni tí ó kú ní ibi tí à ń dárò rẹ̀ sí, ẹni tí ó nù kò ní. Bí ẹnìkan bá kú sí àjò nígbà láéláé, wọn a fá irun orí rẹ̀, wọn a gé èékánná rẹ̀, wọn a sì gbé wọn wá sí ilé sin, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá. Mo gbà pé ìfọwọ́sí bá irun àti èékánná wọ̀nyẹn tan: ohun tí ó ti ara ẹni jáde ni, tí kò sì sí èkejì rẹ̀ lára ẹlòmíràn. Ẹni tí ó wá ọmọ ẹni tí ó ni ìfọwọ́sí náà rí, tí ó sì gbé e fún un, ó ti mú òkú bọ̀ wálé. Ẹni tí ó kàn ń wá a kí owó rẹ̀ lè wọ́n sí i lọ́jà, n kò mọ orúkọ tí èmi yóò pè é.

Ṣùgbọ́n àwọn tí kò fọwọ́ sí ohunkóhun ńkọ́? Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ni ó bá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun 81 àti 82 ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Bọ́mà. Àwọn aláàárù ni ó fi orí ru ẹrù ẹgbẹ́ 81 la igbó àfonífojì Kaladan kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀wé, tí ó jẹ́ pé ìka ni wọ́n ń tẹ̀. Ní Taukkyan, nítòsí Rangoon, orúkọ bíi 27,000 ológun tí a kò mọ sàréè wọn ni ó wà lára òkúta. Bí ó bá jẹ́ pé yíǹkì ni ó dá gbèsè sílẹ̀, a jẹ́ pé aláàárù kò jẹ wá ní nǹkan kan, àwa náà kò sì jẹ ẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ti Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí ó wọṣẹ́ ológun ní ọdún 1942, tí ó sì ń bá àwọn olùtọ́jú aláìsàn ṣiṣẹ́. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1944, ní àfonífojì Kaladan yẹn kan náà, ìbọn àwọn Japan fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, sì di ẹni tí a fi sílẹ̀ nínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí à ń pè ní Shuyiman ni ó ń bọ́ wọn, tí ó sì fi wọ́n pamọ́ sínú ilé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Isaac jẹ́ Krìstẹ́nì, bí àṣírí sì tú, kò sí ẹni tí ì bá yè nínú ilé náà. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ kí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n ní ìparí ọdún náà. Shuyiman kò fọwọ́ sí owó kankan fún Isaac, kò sì sí ilé ọtí tí wọ́n ti dá àdéhùn. Àmọ́ Isaac, tí ó ti di arúgbó tí ń tiro, gbé gbèsè náà sọ́kàn fún ọdún 67, títí oníròyìn kan, Barnaby Phillips, fi gba lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2011, tí ó sì gbé e lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú kí lẹ́tà tó dé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n kà á fún, wọ́n sì ti mọ ìtàn àwọn ọkùnrin dúdú méjì náà láti ẹnu bàbá wọn kí àlejò kankan tó yà sílé wọn. Isaac gbọ́ pé lẹ́tà òun ti dé ọwọ́ wọn kí ó tó kú ní ọdún 2012.