Ta ni Arúfin Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn?

Ẹni tí ó kọ̀ láti pa òfin mọ́ àti ẹni tí kò rí ọ̀nà láti pa á mọ́, ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n ṣẹ̀? Ìbéèrè yìí kò ṣe àjèjì sí àwa tí a wà ní Kútọnu nígbà àrùn kòrónà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni a kéde ẹni àkọ́kọ́ tí àrùn náà mú ní orílẹ̀-èdè wa. Láti ọjọ́ 30 oṣù náà, ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́, ó sì fi ìdènà yí Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú agbègbè wọn ká. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin, ìbomú di dandan láàárín ìdènà náà. Ṣùgbọ́n ìjọba kò sé gbogbo ènìyàn mọ́lé. Ààrẹ Patrice Talon ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ọ̀pọ̀ ará ìlú kì í gba owó oṣù, a kò sì ní ọrọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá fi ń bọ́ àwọn tí wọ́n sé mọ́lé. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti gbà, nígbà náà, pé òfin tí agbára ènìyàn kò ká kò lè dúró.

Ohun tí Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, fi kọ́ni náà nìyẹn: bí nǹkan bá jẹ́ ojúṣe ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ó lè ṣe. Àwọn baba wa ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni eku kò dọ́gba ní ìlú yìí. Báwo ni awakọ̀ zémidjan yóò ṣe jìnnà sí èrò tí ó jókòó mọ́ ọn lẹ́yìn? Báwo ni ìdílé tí ó ń sùn sí yàrá kan ní Ladji, tí ó ń ra omi, yóò ṣe máa fọ ọwọ́ léraléra? Ìyá tí ń ta ata ní ọjà Dantokpa kò lè jókòó sílé tà á.

Èmi náà jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a wọlé padà ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, mo dá ọmọbìnrin kan padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé kò ní ìbomú. Mo bá a wí níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé aláìgbọràn ni. Kò fèsì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìbomú kan ṣoṣo ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lò. Ẹ̀gbọ́n ti wọ̀ ọ́ wọ kíláàsì lọ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ojú tì mí.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a yọ̀ǹda àwọn aláìní kúrò nínú òfin. N kò gbà. Àrùn kì í bi ènìyàn bóyá ó lówó lọ́wọ́ kí ó tó mú un. Bí a bá yọ̀ǹda wọn, àwọn gan-an ni àrùn yóò kọ́kọ́ pa, àti ìyá àgbà tí ó ń bá wọn gbé yàrá. Wọn kò sì bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe tí agbára wọn ká: ẹni tí kò lówó omi ṣì lè fi ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu bí ó bá ń wúkọ́. Àmọ́ ẹni tí ó ní ìbomú tí ó fà á sí àgbọ̀n, tí ó ń dúró de ọlọ́pàá kí ó tó gbé e sókè, arúfin gidi nìyẹn.

Kí ni kí a ṣe, nígbà náà? Ẹrù tí kò ká ẹnì kan, ẹni tí ó gbé e lé e lórí gbọ́dọ̀ bá a gbé e. Ìdajì òfin ni àṣẹ. Ohun tí a ó fi tẹ̀lé e ni ìdajì kejì. Èmi àti àwọn olùkọ́ mélòó kan dáwó jọ, a ra aṣọ, a gbé e fún aránṣọ. Mo fún ọmọ náà ní méjì, mo sì bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn tí mo ti bá a wí.

Àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn lè dé. Kí a tó bi aládùúgbò wa pé, “Kí ló dé tí o kò tẹ̀lé òfin?” ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé, “Kí ni a fẹ́ kí ó fi tẹ̀lé e?”