Igi Kérésìmesì: Ṣé A Ti Wádìí?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, bí Disẹ́ńbà bá ti dé, àríyànjiyàn igi Kérésìmesì a tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì kan ní Boniface, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gé igi òrìṣà àwọn ará Jámánì ní nǹkan bí ọdún 723, igi kékeré tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ sì hù nídìí rẹ̀. Àwa náà a yí ìtàn ọ̀hún po: a ní igi òrìṣà gan-an ni wọ́n gbé wọlé.

Willibald tó kọ ìtàn ayé Boniface sọ pé ó gé igi óákù ní Geismar, ó sì fi pákó rẹ̀ kọ́ ilé àdúrà. Kò mẹ́nu kan igi kékeré kankan! Ti Strasbourg, níbi tí wọ́n ti fi òdòdó bébà àti èso ápù ṣe igi lọ́ṣọ̀ọ́ nínú ilé, ọdún 1605 ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

A kì í ṣe Kérésìmesì, ẹ̀sìn wa sì ti fún wa ní ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Súrátul-Hujuráàt, ẹsẹ 6, pàṣẹ pé kí á wádìí ìròyìn. Ṣé èyí tó bá gbè wá lẹ́yìn kò sí nínú rẹ̀ ni? Àwa tí a ti fi ìtàn yìí ṣe wáàsí ní gbangba ńkọ́? Ó yẹ kí á padà tọ àwọn tí a sọ ọ́ fún lọ.