Ìwé Ìpẹ̀jọ́ Kì Í Ṣe Ohun Tí À Ń Ká Sábẹ́ Ẹní



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ni ìdájọ́. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (s.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sọ̀hábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní Shehuri, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹnu ọ̀nà mi ni ọ̀rọ̀ yìí gbà wọlé. Arákùnrin wa kan tí ó ń fi ọkọ̀ kó ọjà lọ sí Monday Market wá bá mi lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ó yọ ìwé kan lápò, ó ní, "Alfa, ẹ bá mi ṣe àdúà kí fáìlì mi sọnù ní kọ́ọ̀tù." Mo gba ìwé náà wò. Wọ́n ti mú un lójú ọ̀nà pé kò de bẹ́líìtì, wọ́n sì kọ ìtanràn 2,000 náírà fún un. Ó ká ìwé náà sábẹ́ ẹní, kò san án títí ìwé ìpẹ̀jọ́ fi dé. Ohun méjì ló wà lọ́kàn rẹ̀: kí ó sá lọ sí Ìwó, tàbí kí ó búra pé òun kọ́ ni òun wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo ní, "Àbúrò mi, o lè sá fún kọ́ọ̀tù. Ẹni tí o fẹ́ fi orúkọ Rẹ̀ búra irọ́ ńkọ́?"

Ó ní òfin mọ́tò kì í ṣe òfin Ọlọ́hun. Ọ̀pọ̀ wa ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ Suratul Maa'ida gan-an ni Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo kí wọ́n mú àdéhùn wọn ṣẹ. Ẹni tí ó gba láísẹ́ǹsì ti gbà pé òun yóò tẹ̀lé òfin ojú ọ̀nà. Àwọn kan tún ti gbà á níyànjú pé kí ó fún akọ̀wé ní rìbá. Ànábì (s.a.w.) ṣẹ́ èpè lé ẹni tí ó fún ni àti ẹni tí ó gbà á.

Ó ní ọjà kò tà. Ẹni tí kò bá ní, Suratul Baqara ẹsẹ 280 ní kí a fi àyè gbà á títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó lè bẹ adájọ́ fún àyè, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní tí ó ń fi òní dọ́la, Ànábì pe èyí ní àbòsí. Mo bi í bóyá ó ní owó lọ́jọ́ tí wọ́n mú un. Ó rẹ́rìn-ín. Aṣọ ẹbí ló fi rà.

Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù jù ni èdè. Háúsá ọjà ló gbọ́, kò gbọ́ Kànúrí, òyìnbó kò sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa mọ èyí: Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 36, sọ pé ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn, tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ ní kọ́ọ̀tù, gbọ́dọ̀ rí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lè gba lọ́yà, ó lè dúró fún ara rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún un ní àsìkò tó láti múra. Bí ó bá mọ̀ pé òun kò jẹ̀bi, ibẹ̀ náà ni yóò ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá yọjú, adájọ́ lè ní kí ọlọ́pàá lọ mú un wá, ọ̀rọ̀ ìtanràn a sì di ọ̀rọ̀ àtìmọ́lé.

Mo tẹ̀ lé e lọ. Ó jẹ́wọ́, ó bẹ̀bẹ̀. Owó tí wọ́n bù lé e ju 2,000 lọ, n kò ní purọ́. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ẹni tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà lábẹ́ ẹní rẹ̀, kí ó mú un wá fi hàn wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé.